Hóòlù tí ìlú fi owó ara ẹ̀ kọ́, wọ́n ní ká fi orúkọ olóṣèlú Àbújá sọ ọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wéÌlú:

Ẹ kú ìmọ́jú o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ni ò jẹ́ kí n sùn látìgbà tí mo ti ti ilé dé lọ́jọ́ Sátidé, mo dẹ̀ mọ̀ pé àwọn àgbà wà níbí, àwọn tó mọ òfin náà wà níbí, ni mo ṣe gbé e wá.

Ìlú wa ò jìnnà sí Òmù-Àrán. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ̀ka ti Ìlọrin. Ọdún 9 la fi kọ́ hóòlù ìlú wa, kọ́bọ̀ ìjọba ò sí níbẹ̀. Àwa tí a wà n'Ílọrin dá tiwa, àwọn ti Èkó dá tiwọn, àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lọ́jọ́ ọjà náà dá, nígbà tó ku páànù màmá mi fa ewúrẹ́ kan lọ sọ́jà ó tà á, gbogbo owó ẹ̀ ló kó fún akápò. Báyìí hóòlù ti parí, ọdún ìlú la fẹ́ fi ṣí i, ni àwọn kan bá dìde ní mítìn pé ká fi orúkọ ọ̀gá olóṣèlú kan tó wà lórí oyè l'Ábújá báyìí sọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ ẹni náà. Kò dá kọ́bọ̀ síbẹ̀, kò dẹ̀ tíì wá sílùú wa rí. Wọ́n ní tó bá ti gbọ́ pé orúkọ òun ló wà níwájú hóòlù, òun fúnra ẹ̀ máa wá ṣí i, á dẹ̀ fún wa ní tiransífọ́mà, torí tiwa ti jóná láti bí ọdún kan, inú òkùnkùn la wà. Mi ò lè sọ pé àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò fẹ́ràn ìlú, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, òkùnkùn yẹn ló ti sú wọn.

Mo dìde mo ní mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n kan wá bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé Ìlọrin tí ìwọ akọ̀wé ń gbé, ọ̀nà wo lo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́? Mo ní Múrítàlá. Ó ní ilé ìjọba ńkọ́, ọ̀nà wo ló wà? Mo ní Ahmadu Bello Way. Ó ní eápọ́ọ̀tù ńkọ́? Mo ní Ìdíàgbọn. Ó ní o ò rí i, orúkọ olórí ni wọ́n fi ń sọ nǹkan níbi gbogbo, kí ló wá dé tí tiwa fi máa yàtọ̀? Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, mo jókòó. Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọkàn mi ń sọ fún mi pé ohun tó kà sílẹ̀ yẹn ò jọ tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé agídí ni mò ń ṣe ni? Ta ló dẹ̀ láṣẹ gan-an láti sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórúkọ? Mítìn tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí i.

Ọmọ_Ọ̀fà:

Ẹ ò ṣe agídí rárá. Gbogbo orúkọ tí ẹ̀gbọ́n yẹn pè, olóògbé ni wọ́n. Ahmadu Bello, oṣù kìíní ọdún 1966 ni àwọn sójà pa á. Múrítàlá, 13 oṣù kejì ọdún 1976. Ìdíàgbọn kú ní oṣù kẹta ọdún 1999, ọdún 2023 ni wọ́n tó kéde orúkọ ẹ̀ fún eápọ́ọ̀tù Ìlọrin, ó lé lógún ọdún, ọmọ ìlú náà ni, gbogbo èèyàn ti rí bó ṣe lo ayé ẹ̀ tán. Ẹni tó ṣì wà lórí oyè, ẹ ò tíì mọ ibi tó máa já sí.

BabaTánkẹ́:

Àbúrò mi ará Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ ẹ dáa àmọ́ kò pé tán. Lọ́dún 1962 tí wọ́n ṣí yunifásítì Zaria, Ahmadu Bello wà láàyè, òun ni prímíà, olórí ìjọba Àríwá, òun náà ni wọ́n fi ṣe chancellor àkọ́kọ́, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n dẹ̀ fi sọ ọ́. Nítorí náà fífi orúkọ alààyè sọ nǹkan kì í ṣe àṣà tuntun. Ó kàn wá pọ̀ sí i nísinsìnyí ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024 ìjọba àpapọ̀ sọ yunifásítì Àbújá di ti Yakubu Gowon, Gowon wà láyé. Bárékè tuntun tí wọ́n ṣí ní Asokoro lọ́dún 2025, orúkọ Ààrẹ Tinubu ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni hóòlù ńlá ti àpérò àgbáyé l'Ábújá nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán. Ẹ wo eápọ́ọ̀tù Minna, lọ́dún 2023 tí wọ́n kéde ti Ìlọrin ni wọ́n kéde pé Abubakar Imam, òǹkọ̀wé Hausa nì, ni tibẹ̀ á máa jẹ́, kò tó ọdún kan, nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2024 orúkọ Tinubu ló ti wà lójú pátákó. Ohun tí mo fẹ́ kí akọ̀wé wa rí nínú ẹ̀ nìyẹn. Orúkọ tí agbára gbé sókè, agbára míì lè sọ ọ́ kalẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí Ahmadu Bello Way, torí èèyàn ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́ láì ronú sí i. Kí ló gbé orúkọ prímíà Àríwá dé àárín àwa tí à ń sọ Yorùbá? Ìlọrin àti ilẹ̀ Ìgbómìnà, abẹ́ ìjọba Àríwá ní Kaduna la wà nígbà náà. Ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ti Awólọ́wọ̀ jà títí pé kí wọ́n yọ Ìlọrin àti Kabba kúrò ní Àríwá kí wọ́n kó wọn mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, Josiah Sunday Ọláwóyìn ọmọ Ọ̀fà jìyà púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, wọn ò gbà fún wọn. Ká ní wọ́n gbà ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀ la máa bá nínú GRA lónìí. Ọdún 1967 ni Gowon tó gé ìpínlẹ̀ wa jáde. Ṣé ẹ rí i, orúkọ ojú ọ̀nà yẹn ń sọ ẹni tó borí nínú ìjà kan. Kí ni orúkọ tí wọ́n fẹ́ gbé síwájú hóòlù yín máa sọ fún ọmọ yín ní ogójì ọdún sí i? Pé ẹ nílò tiransífọ́mà?

ÌyáÌpàta:

Baba ẹ ṣeun, ẹ ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀ yìí.

Èmi fẹ́ sọ ti Táíwò, akọ̀wé, torí ẹ̀gbọ́n yín ò dárúkọ ìyẹn. Lójoojúmọ́ ni a máa ń wọkọ̀ lọ sí Táíwò, kọ̀ndọ́ ń pè é, Táíwò Òkè, Táíwò Ìsàlẹ̀. Mo bi àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé ta ni Táíwò yìí, èyí tó dàgbà jù ní bóyá ìbejì kan tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ ni. Ó dùn mí. Colonel Ibrahim Taiwo ni, gómìnà Kwara ni, láti oṣù keje ọdún 1975 ló ti wà níbẹ̀, kò lò ju oṣù mélòó kan lọ. Ọjọ́ kan náà tí wọ́n pa Múrítàlá l'Ékòó ni àwọn tó dìtẹ̀ yẹn pa òun náà níbí ní Kwara. Bàbá mi máa ń sọ pé ọjọ́ náà rédíò ò yé kọ orin sójà, pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń ṣèjọba títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Òkú ọjọ́ kan náà méjì, ọ̀nà méjì nínú ìlú kan, àwa tí à ń tajà lójú ọ̀nà náà ò mọ̀.

Nítorí náà orúkọ ńlá nìkan ò tó o, ọmọ mi. Tí ẹ ò bá kọ ìtàn ẹni náà síbẹ̀, á di orúkọ ibùdókọ̀ lásán. Ìyá yín tó ta ewúrẹ́ ńkọ́? Orúkọ tiwọn dà? Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó dáwó sára ògiri, títí kan ẹni tó dá igba náírà, kí ọmọ ọmọ wọn máa wá fọwọ́ tọ́ ọ.

Ọmọ_Àjàṣẹ́:

Ẹ má bínú sí mi o, èmi ò bá gbogbo yín lọ. Òkùnkùn ọdún kan kì í ṣe eré. Nílé wa wọ́n fi orúkọ ọnọrébù kan sọ ẹnu ọ̀nà ọjà wa, ó gbẹ́ bohóòlù méjì fún wa, omi yẹn là ń mu dòní, ìyá mi kì í lọ sódò mọ́. Orúkọ ò pa èèyàn. Tí ìlú bá ní nǹkan kan tó lè fi pàrọ̀ iná, kó pàrọ̀ ọ.

Nọ́ọ̀sì_Kwara:

Bọ̀ọ̀dá Àjàṣẹ́, mo gbọ́ yín, omi ṣe pàtàkì lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn kékeré ni, ìlú ló kọ́ ọ, wọ́n fi orúkọ olóṣèlú kan sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ ṣe dáadáa, ó gbé bẹ́ẹ̀dì wá, ó gbé fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára wá. Ìgbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀ fìdí rẹmi, àwọn tó wọlé ò yà síbẹ̀ mọ́. Tí a bá kọ lẹ́tà, wọ́n á ní ṣé kì í ṣe ti lágbájá nìyẹn, ẹ lọ bá a. Fíríìjì yẹn bàjẹ́, ọdún méjì ni àwọn aláboyún ń gun ọ̀kadà lọ sílùú kejì gba abẹ́rẹ́. Mo rí ọmọ tó kú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ tó wà lára ilé ìwòsàn yẹn di gbèsè sí ìlú lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Lọ́yàKékeré:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o àǹtí nọ́ọ̀sì.

Akọ̀wé, ẹ bi wá ta ló láṣẹ. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà tàbí àdúgbò ni, àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gbé e lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, sísọ ọ̀nà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sí ilé, káńsù ló ni ín. Àmọ́ hóòlù yín kì í ṣe ọ̀nà. Ilẹ̀ ìlú, owó ìlú, ẹgbẹ́ ló ni ín, ìwé òfin ẹgbẹ́ yín lẹ máa wò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní kí ìdá mélòó nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, kí àwọn ẹ̀ka Èkó àti Ìlọrin náà dìbò, kó má jẹ́ àwọn tó wà nílé nìkan. Kí ẹ dẹ̀ rí i pé ó wọnú ìwé àkọsílẹ̀ mítìn, ẹ̀yin lẹ kúkú ń kọ ọ́.

Àìbèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni nǹkan, òun ló ba ti Unilag jẹ́. 29 oṣù karùn-ún ọdún 2012, Ààrẹ Jonathan kàn kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé Unilag ti di yunifásítì Moshood Abíọ́lá. Àwọn ọmọ iléèwé tú síta, wọ́n dí ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ò gbà, orúkọ yẹn ò dẹ̀ dúró. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra Abíọ́lá o, ọ̀pọ̀ wọn ló ń sọ pé ọkùnrin náà tọ́ sí ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní ẹnì kankan ò bi àwọn, sẹ̀tífíkéètì àwọn dẹ̀ ni. Nígbà tó di 2019 tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ sitédíọ̀mù ńlá Àbújá lọ́jọ́ June 12, ẹ ò gbọ́ ariwo kankan, torí ọjọ́ náà bá a mu, ibẹ̀ náà bá a mu. Ifẹ̀ náà ẹ wò ó, oṣù karùn-ún ọdún 1987 ni Awólọ́wọ̀ kú, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ìjọba ti yí orúkọ yunifásítì náà padà, ó mọ́ ọn lára, àmọ́ títí dòní tí wọ́n bá ń kọrin ara wọn, Great Ife ni wọ́n ń kọ. Wọ́n wá gbé orúkọ Awólọ́wọ̀ yìí kan náà lọ fún eápọ́ọ̀tù Port Harcourt lọ́dún 2023, èmi tí mo fẹ́ràn Awólọ́wọ̀ tọkàntọkàn, mi ò rí ohun tó so ó mọ́ ibẹ̀. Unilorin tiwa láti 1975 orúkọ ìlú ló ń jẹ́, kò dín in kù.

Ti tiransífọ́mà, ẹ kọ lẹ́tà lọ́tọ̀ sí ẹni náà, ẹ kọ sí ilé iṣẹ́ iná, ẹ kọ sí káńsù. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ ò ní láti fi hóòlù ra á.

Akọ̀wéÌlú:

Ẹ ṣeun gan-an, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Àǹtí nọ́ọ̀sì, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta. Bọ̀ọ̀dá Àjàṣẹ́, mi ò bínú, ohun tí ẹ sọ gan-an ni àwọn èèyàn wa ń sọ.

Mo ti pe alága wa lálẹ́ àná, mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn lórí fóònù títí kàdítì mi fi tán, wọ́n tún pè mí padà. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé Táíwò jẹ́ gómìnà. Wọ́n ní kí n gbé ìwé òfin ẹgbẹ́ wá sí mítìn, kí lẹ́tà tiransífọ́mà náà ti wà nílẹ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn, kí n sì mú ìwé ìdáwó láti ọdún kìíní wá. Mo ti jókòó tì í látàárọ̀, mo ń da orúkọ kọ, mo ti kọ 214, àwọn míì ti kú. Ti màmá mi ò sí nínú ìwé torí wọn ò gba rìsíìtì, mo máa bi akápò.

Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń fín orúkọ sára òkúta mábù n'Ílọrin tí kò ní wọ́n jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi.

ÌyáÌpàta:

Mo mọ ẹnì kan. Ẹ wá sọ́dọ̀ mi lọ́jà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ mú ìwé orúkọ yẹn dání kó lè kà á.