Irú àga wo ló tura fún yàrá ìwòran fíìmù nínú ilé?

Ìbéèrè, láti Gwarinpa: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Ṣé àga aláwọ ni kí n rà síwájú tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 65, àbí aláṣọ?

Èsì, láti Kubwa: Nínú ooru oṣù Kẹta ní Abuja, awọ a máa lẹ̀ mọ́ ara, pàápàá nígbà tí iná bá lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù sì dákẹ́. Ẹ ra aláṣọ tó ṣeé bọ́ fọ̀, nítorí eruku ọyẹ́ kì í ṣeré.

Èsì, láti Kaduna: Mo fara mọ́ ti ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé àga náà sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8 sí tẹlifíṣọ̀n. Bó bá jẹ́ arọ̀gbọ̀kú, ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ìgbáralé rẹ̀ má sì ga ju etí lọ, kó má baà dí ohùn sípíkà ẹ̀yìn.