Ojúlówó kí ni? Lórí "authentic", "game-used" àti ìrépé jẹ́sì inú káàdì eléré

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò o. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń sọ lórí orúkọ tó yẹ ká fún àwọn nǹkan tó jẹ mọ́ káàdì eléré ìdárayá ti Amẹ́ríkà yìí (káàdì tó ní àwòrán eléré, táwọn èèyàn ń kó jọ), àwọn tí wọ́n máa ń fi ègé jẹ́sì sínú wọn. Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan wá kọ ọ́ pé kí ló ń dà wá láàmú, ká sáà túmọ̀ "authentic" sí ojúlówó, ká túmọ̀ "game-used" (ohun tí wọ́n lò nínú eré gidi) náà sí ojúlówó, ìkan náà ni wọ́n, ni mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, wọn kì í ṣe ìkan náà rárá, àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn gan-an sì ni àwọn tó ń ṣe káàdì ń gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó wà níwájú mi báyìí ṣàlàyé. Káàdì náà nípọn, á tó káàdì lásán mẹ́ta téèyàn tò léra, wọ́n gé fèrèsé kékeré kan sí àárín ẹ̀, aṣọ funfun sì wà nínú fèrèsé náà, ó ní ihò wínníwínní bíi ti jẹ́sì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, téèyàn bá fi ìka kàn án, á mọ̀ pé aṣọ ni lóòótọ́. Ó mọ́ tónítóní, kò sí àmì òógùn, kò sí ibi tó ti ha. Mo wá yí i padà. Lẹ́tà ẹ̀yìn ẹ̀ kéré débi pé mo ní láti gbé e sún mọ́ iná, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni pé ohun ìrántí inú káàdì yìí jẹ́ ojúlówó, àti pé kò wá láti inú ìdíje, ayẹyẹ tàbí sáà kan pàtó. Ẹ tún un kà o. Ojúlówó ni, àmọ́ kò ti ibì kankan wá! Ojúlówó kí wá ni? Ojúlówó aṣọ ni. Ta ló ń bá wọn jiyàn pé kì í ṣe aṣọ?

Ohun tí mo ń sọ ò ju báyìí lọ: ojúlówó kì í dá dúró nínú èdè wa, ó ní láti ní ọ̀rọ̀ tó máa gbé e. Ojúlówó wúrà. Ojúlówó oògùn. Ó ń sọ pé nǹkan náà jẹ́ ohun tí wọ́n pè é, kò sọ ibi tó ti dé rí. "Game-used" sì rèé, ìtàn ni, ó ń sọ ibi tí aṣọ náà lọ, ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ, àti ohun tí ojú ẹ̀ rí níbẹ̀. Téèyàn bá ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ méjèèjì, òun náà ti di ọmọ iṣẹ́ àwọn tó kọ lẹ́tà wínníwínní yẹn.

Kódà "authentic" gan-an ò fìdí kalẹ̀ lójú kan lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ní PSA, ilé iṣẹ́ tó máa ń yẹ káàdì wò tí wọ́n á fún un ní máàkì láti 1 dé 10, tí wọ́n bá rí káàdì tó jẹ́ káàdì yẹn lóòótọ́ àmọ́ tí ẹnìkan ti fi abẹ́ rẹ́ etí ẹ̀ kó lè dà bí tuntun, ohun tí wọ́n máa ń kọ sí i ni "Authentic", láìsí máàkì kankan. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rò pé ìyìn ni, èébú ló jẹ́ níbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé káàdì Honus Wagner, agbá-baseball ayé àtijọ́, ti T206 (ọ̀wọ́ káàdì inú páálí sìgá), ẹ̀dà tó gbajúmọ̀ jù tó tún jẹ́ àkọ́kọ́ tí PSA fún ní máàkì, 8 ni wọ́n fún un, ó wá di ọdún 2013 kí Bill Mastro, oníṣòwò káàdì kan, tó jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun ti gé etí ẹ̀. Ṣé ayédèrú wá ni? Rárá o, káàdì Wagner ni. Ṣé ojúlówó ni? Ojúlówó tí wọ́n fi abẹ́ kàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí "àwọ̀gbá" tí àbúrò wa dá sílẹ̀ lánàá fún "game-used", ìyẹn èyí tí wọ́n wọ̀ tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ náà dùn, mo rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Àmọ́ etí máa gbọ́ "àwọ̀" tó jẹ́ kọ́lọ̀, pàápàá nínú òwò yìí tó jẹ́ pé ìrépé tó ní àwọ̀ méjì mẹ́ta máa ń wọ́n ju funfun lásán lọ, àwọn èèyàn á rò pé irú kọ́lọ̀ kan là ń sọ. Ìkejì tó wá burú jù ni pé kì í ṣe aṣọ nìkan ni wọ́n ń fi sínú káàdì. Igi tí wọ́n fi ń gbá baseball ńkọ́, ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ohun tó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀, tí a bá ní ká wò ó dáadáa, táyà ni! Lọ́dún 1996 ni Press Pass, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì, fi ègé táyà ọkọ̀ eré sínú káàdì tí wọ́n pè ní Burning Rubber, Upper Deck, ilé iṣẹ́ káàdì míì, wá fi ègé jẹ́sì sínú káàdì baseball lọ́dún 1997, jẹ́sì Ken Griffey Jr. wà nínú ẹ̀, ti Tony Gwynn náà wà níbẹ̀, gbajúmọ̀ agbá-baseball ni àwọn méjèèjì. Ta ló ń wọ táyà, àbúrò?

Èyí tó sọ pé ká máa pe èyí tí wọ́n kàn wọ̀ ya fọ́tò ní "àwọ̀ya" ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa ná: àwọ̀ya, èyí tí wọ́n wọ̀ títí tó fi ya! Jẹ́sì tí wọ́n wọ̀ títí tó fi ya gan-an ni olówó ń wá kiri, a ó wá fi orúkọ ẹ̀ fún èyí tí wọ́n wọ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Èyí tí mo mú wá fún "game-used" ni "àlòkù pápá". Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní àlòkù ń rẹ nǹkan sílẹ̀, pé ọkọ̀ àlòkù là ń sọ nígbà tí a bá fẹ́ dín owó. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo inú ọ̀rọ̀ náà: à-lò-kù, ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó. Kí wá ni ègé aṣọ inú káàdì, bí kì í bá ṣe ohun tó kù lẹ́yìn ìlò? Gbogbo ọjà tó kù láyé, lílò máa ń gé owó wọn, èyí nìkan ni lílò ń bu owó kún, ó sì wù mí kí ọ̀rọ̀ wa gbé ìyàlẹ́nu yẹn dání dípò ká bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́dún 2003, Donruss, ilé iṣẹ́ káàdì, ra jẹ́sì kan tí Babe Ruth, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbá-baseball, wọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1925, owó ẹ̀ lé ní 260,000 dọ́là, wọ́n sì gbé síṣọ́ọ̀sì lé e, wọ́n gé e wẹ́wẹ́ sínú káàdì. Àlòkù pápá tó ju ìyẹn lọ ò sí. Inú ṣì ń bí mi sí i lónìí o, torí nígbà tí jẹ́sì yẹn wà lódindi, èèyàn lè fi ojú ara ẹ̀ wò ó, kó wo ìrán ẹ̀, ìgbà tó ti di ìrépé, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó gé e nìkan ló kù.

Fún "player-worn" (ohun tí eléré kàn wọ̀), mo fara mọ́ "àfarakàn" tí ẹnìkan mú wá láàárín ọ̀sẹ̀. Ó fi ara kàn án, ó tán. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe ń lọ, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, máa ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jọ lọ́dọọdún, wọ́n á gbé jẹ́sì fún wọn, wọ̀ ọ́, bọ́ ọ, wọ òmíì, òun náà bọ́ ọ, kò tíì sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù kankan nínú wọn ní líìgì, jẹ́sì ti wà nílẹ̀ fún káàdì. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa tí wọ́n bá kọ "player-worn" sí i. Àfarakàn ni, kí wọ́n sì jẹ́ kó jẹ́ àfarakàn.

Ọ̀rọ̀ "patch" wá rèé, wọ́n ní ká pè é ní àbùlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àbùlẹ̀ sílẹ̀, ibì kan wà tí a máa lò ó sí. Àbùlẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi dí ibi tó ya. Èyí tó wà nínú káàdì jẹ́ ara nọ́ńbà tàbí lẹ́tà tí wọ́n rán sí jẹ́sì látilẹ̀, ẹ pè é ní ìrépé nọ́ńbà tàbí ìrépé lẹ́tà. Àmọ́ àwọn oníjìbìtì kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á ra káàdì tó ní ìrépé funfun lásán, wọ́n á tú u, wọ́n á yọ aṣọ ẹ̀, wọ́n á ki aláwọ̀ mẹ́ta bọ ojú fèrèsé, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ padà. Káàdì ọ̀hún, ojúlówó. Ìbuwọ́lù orí ẹ̀, ojúlówó. Aṣọ tí wọ́n kì sí i gan-an lè jẹ́ ojúlówó jẹ́sì. Àkópọ̀ ẹ̀ wá jẹ́ ayédèrú! Ìyẹn ni káàdì alábùlẹ̀. Ohun tó sì máa ń tú wọn fó ni pé ẹlòmíì ti ya fọ́tò káàdì kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà, lọ́jọ́ tó jáde látinú páálí, tó sì funfun.

Wọ́n tún bi mí nípa ìbuwọ́lù sítíkà, kíákíá ni màá sọ ọ́: eléré fọwọ́ sí bébà sítíkà, ilé iṣẹ́ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì lẹ́yìn náà, òun fúnra ẹ̀ ò rí káàdì náà sójú. Ọwọ́ ẹ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ "ìbuwọ́lù àlẹ̀mọ́" ni kí a pè é kó má bàa dà pọ̀ mọ́ èyí tó fọwọ́ sí lórí káàdì gangan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè pé ta ló máa wá sọ pé àlòkù pápá ni, ìbéèrè gidi nìyẹn. Tony Gwynn fúnra ẹ̀ ló rí ayédèrú ìbuwọ́lù ara ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ tirẹ̀, San Diego Padres, ó sì pariwo síta. Nígbà tó di 2001, MLB, líìgì baseball Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó jẹ́ pé ẹnìkan á jókòó wo eré náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọlọ́pàá tàbí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, bí bọ́ọ̀lù tàbí jẹ́sì bá ṣe ń ti pápá jáde ló ń lẹ sítíkà tó ní nọ́ńbà mọ́ ọn. Ohun tí ẹni yẹn ṣe kì í ṣe àyẹ̀wò, ẹ̀rí ló jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ta ko "àyẹ̀wò ojúlówó" fún "authentication" níbẹ̀ yẹn. PSA ló ń yẹ nǹkan wò, torí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. MLB ń jẹ́rìí, ó wà níbẹ̀. "Àlòkù ẹlẹ́rìí" ni mo máa ń pe tiwọn nínú àkọsílẹ̀ mi.

"Photo-match" ló kù tó ń dà mí láàmú, ìyẹn kí wọ́n mú àbàwọ́n tàbí ibi tí ìrán gbé wọ́ lára jẹ́sì, kí wọ́n wá a nínú fọ́tò ọjọ́ eré títí wọ́n á fi rí i. Mo ti gbìyànjú "ìbáfọ́tòmu", ó gùn, ó sì ń kọ́ mi lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó gbé e wá jàre, àmọ́ kó má ṣe ní ojúlówó nínú o.