Tí mo bá kó lọ sí Puerto Rico, ṣé mo ṣì lè dìbò yan ààrẹ Amẹ́ríkà?

Abẹ́ní: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Texas ni mò ń gbé, mo sì ti di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí San Juan, olú-ìlú Puerto Rico, erékùṣù tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà. Wọ́n ní tí mo bá débẹ̀, mi ò ní lè dìbò yan ààrẹ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣebí páásípọ́ọ̀tù kan náà ni gbogbo wa ń lò!

Adéwálé: Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. San Juan níbí ni mo wà. Àwọn aṣojú tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá yàn ló ń yan ààrẹ, Puerto Rico kì í sì í ṣe ìpínlẹ̀. Amẹ́ríkà gbà á lọ́wọ́ Spain ní 1898, wọ́n sọ àwọn ará ibí di ọmọ onílùú ní 1917, wọ́n sì fi ìbò ààrẹ dù wọ́n títí dòní. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta! Aṣojú kan ṣoṣo la ní ní Washington. Ó lè sọ̀rọ̀ nílé aṣojú-ṣòfin, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ dìbò gbé òfin jáde, kò sí tirẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni pé ká ní Paris lẹ ń kó lọ ni, ẹ ó máa fi lẹ́tà dìbò yín ní Texas. Bàbá tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa bá Amẹ́ríkà jagun ní Vietnam, kò dìbò yan ààrẹ rí. Ọmọ rẹ̀ kó lọ sí Florida, ó forúkọ sílẹ̀, ó dìbò. Ẹ sọ fún mi, kí ni ọmọ fi ju bàbá lọ?

Mojí: Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé torí òkun ni o. Réunion, erékùṣù tó jẹ́ ti Faransé, wà nínú Òkun Índíà, wọ́n ń dìbò yan ààrẹ Faransé, wọ́n sì ní aṣòfin ní Paris. Washington DC náà kì í ṣe ìpínlẹ̀, síbẹ̀ wọ́n tún ìwé òfin ṣe fún wọn ní 1961 kí wọ́n lè dìbò yan ààrẹ. Ti àwọn ará American Samoa, àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà nínú Òkun Pàsífíìkì, tiẹ̀ tún le jù: ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í di ọmọ onílùú nípa ìbí nìkan.

Abẹ́ní: Há! Ṣé mi ò wá ní dìbò kankan rárá ni?

Adéwálé: Ẹ ó dìbò yan gómìnà, ẹ ó sì dìbò abẹ́lé tí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń yan olùdíje ààrẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń bọ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni, tí ilé yín gan-an ṣì wà ní Texas tí ẹ ó padà sí, ẹ má yọ orúkọ yín níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìdìbò àdúgbò yín kí ẹ tó gbéra.