"Ìlànà" kọ́, "ipá" kọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé fún àwọn kóòṣì gbígbé irin dábàá pé kí tẹkiníìkì máa jẹ́ "ìlànà ìgbérin", kí okun ara sì máa jẹ́ "ipá". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ìlànà ni ohun tí àwọn adájọ́ mẹ́ta ń ṣọ́. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá ká lábẹ́ irin lókè orí, tí eléré wá tún un nà, wọn ò ní kà á fún un. Ṣùgbọ́n èèyàn lè pa gbogbo ìlànà mọ́ kó sì máa gbé irin bí ẹni ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì: irin á jìnnà sí ara, apá á ti máa fà kí ẹsẹ̀ tó parí iṣẹ́ tiẹ̀. Kò rú òfin, àmọ́ kò mọ irin gbé.

Bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn: ó mọ ijó jó, ó mọ ọkọ̀ wà. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ti fún wa ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tipẹ́. Kí ló dé tí a ò fi ní pe eléyìí ní mọ̀ọ́gbé? Kóòṣì lè wí pé, "Okun ẹ tó, mọ̀ọ́gbé ẹ ló kù."

Ní ti ipá, fipá gbà àti fipá mú ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn. Okun ni kí a lò. Okun inú la sáà fi ń gbé tìta. Kí a fi agbára sílẹ̀ fún okun tó bá yára jáde, torí ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó rọra lóṣòó pẹ̀lú irin ńlá lẹ́jìká, tó sì dìde, àti ẹni tó ta irin sókè.

Ẹ wo Birmingham ní 2022, níbi ìdíje Commonwealth. Adijat Olarinoye gba góòlù àwọn obìnrin tí ara wọn kò ju kílò 55 lọ: ó gbé kílò 92 láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan náà (snatch lédè Gẹ̀ẹ́sì), ó gbé 111 ní èyí tó ń kọ́kọ́ dúró ní èjìká (clean and jerk), àpapọ̀ 203. Rafiatu Lawal gba ti kílò 59 pẹ̀lú 90 àti 116, àpapọ̀ 206. Àwọn kóòṣì sábà máa ń retí kí ohun tí eléré gbé nínú oríṣi àkọ́kọ́ (snatch) tó nǹkan bíi 80 nínú 100 ohun tó gbé nínú ìkejì. Ti Olarinoye fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 83, ti Lawal lé díẹ̀ ní 77. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá já sí 65, mọ̀ọ́gbé ni kóòṣì á kọ́kọ́ wò, torí oríṣi àkọ́kọ́ ló ń fẹ́ mọ̀ọ́gbé jù, á sì fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ ìdárayá, nígbà tí ara kò tíì rẹ̀ ẹ́. Bí méjèèjì bá bára mu tí wọ́n sì kéré, okun ló kù nìyẹn, ó di ìlóṣòó pẹ̀lú irin lẹ́jìká.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ "ọgbọ́n ju agbára lọ" tí ẹ̀gbọ́n fi ṣe àkọlé orí kẹta. Nígbà tí irin bá wúwo tán, ẹ̀yìn tí kò lókun á tẹ̀, mọ̀ọ́gbé tó dán mọ́rán lórí irin fífúyẹ́ á sì pòórá.

Ó ku orúkọ oríṣi ìgbérin méjèèjì. "Ìjágbà" tí ẹnìkan mú wá fún ti àkọ́kọ́ ń rùn bí olè Ọ̀ṣọ́dì. Mo ro "àgbélẹ́ẹ̀kan" àti "àgbélẹ́ẹ̀mejì", àmọ́ ìgbà mẹ́ta mẹ́ta ni eléré ń gbìyànjú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkejì yẹn á dàrú mọ́ ìgbìyànjú kejì. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn, kó mú un wá kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.