Ohun tójú mi rí níbi tí mo ti ń so fáìlì Word márùn-ún pọ̀

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà o. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, thesis àwọn ọmọ yunifásítì ni wọ́n máa ń gbé wá jù. Obìnrin kan gbé fáìlì márùn-ún wá nírọ̀lẹ́, orí kan nínú fáìlì kan, èèyàn mẹ́ta ló bá a tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n sáà so wọ́n pọ̀ fóun, àárọ̀ ọ̀la lòun máa fi sílẹ̀. Mo ṣí orí kìíní, mo lọ sí Insert, Object, Text from File, mo kó mẹ́rin tó kù wọlé, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bí mo ṣe ń yí i wálẹ̀ ni àyà mi já. Orí kìíní wà ní Times New Roman 12, àmọ́ orí kejì tí mo fojú ara mi rí pé Times lòun náà ti di Calibri 11, àkọlé ẹ̀ ti di búlúù, orí kẹrin tí wọ́n tẹ̀ ní landscape, ìyẹn ojú ewé tó dùbúlẹ̀ ní ìbú, torí àwọn table fífẹ̀ sì ti dúró lóòró, ìdajì table ti jáde kúrò lójú ewé. Mo fọwọ́ tún un ṣe ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan títí di aago méjì òru, mi ò tíì kúrò ní orí kejì, omi lé sí mi lójú.

Ìgbà tí mo wo Normal lábẹ́ Styles, ìyẹn ètò lẹ́tà tí Word ń lò fún ọ̀rọ̀ lásán, ni mo tó rí i. Ẹni tó tẹ orí kìíní ò fọwọ́ kan Normal rárá, ṣe ló fi Ctrl+A mú gbogbo ọ̀rọ̀ tó sì yí i sí Times, Normal ẹ̀ ṣì jẹ́ Calibri 11. Ẹni orí kejì ní tiẹ̀, inú Normal gan-an ló ti ṣe é. Tí style méjì bá sì ń jẹ́ orúkọ kan náà, ti onílé, ìyẹn fáìlì tí a ṣí, ni Word máa tẹ̀ lé, àlejò tí a kó wọlé á ju tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ṣe é bó ṣe yẹ gan-an niṣẹ́ ẹ̀ bàjẹ́, ìyẹn dùn mí.

Ti landscape yẹn, ìparí fáìlì ni Word ń tọ́jú ètò ojú ewé section (apá ìwé tó ní ètò ojú ewé tiẹ̀) tó kẹ́yìn sí, kì í bá ọ̀rọ̀ wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, mo fi Modify tún Normal àti àwọn Heading orí kìíní ṣe, mo fi section break, Next Page, sí ìparí orí kìíní dé ìkẹrin kí n tó kó wọn jọ. Ogún ìṣẹ́jú ni. Nígbà tí obìnrin náà dé láàárọ̀, table orí kẹrin ló kọ́kọ́ ṣí, ó fìka tọ ìlà ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.