Móà oníjòkòó tòkunbọ̀ tí kò lè gun òkè mọ́ bó bá ti gbóná: ṣé gíábọ́ọ̀sì ni lóòótọ́?

Olóko_Ògùdù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Móà oníjòkòó tòkunbọ̀ kan ló wà nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan, 17.5 HP, ibi tí abẹ rẹ̀ ń gé fẹ̀ tó 42 ínǹṣì. Kò ní gíà tí à ń fọwọ́ yí. Pẹ́dà ni: ẹ tẹ ọ̀kan, ó lọ síwájú, ẹ tẹ èkejì, ó fẹ̀yìn rìn. Pápá ilé ìwé kan níhìn-ín l'Ógùdù ló ń gé, apá kan pápá náà sì da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Tó bá wá kan ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ó parí: ẹ́ńjìnnì ń ké, abẹ ń yí, táyà ò lọ. Tó bá sinmi dáadáa, á tún rìn. Ohun kejì ni pé táyà ẹ̀yìn lápá òsì máa ń dún "kàà" lẹ́ẹ̀kan kó tó gbéra. Mẹkáníìkì ní gíábọ́ọ̀sì ló kú, ká lọ ra odidi mìíràn. Kí ni ká yẹ̀ wò ká tó náwó?

Púlì_Ọ̀jọ́ta
Ẹ má tíì tọwọ́ bàpò. Pé abẹ ń yí kò fi nǹkan kan hàn, torí bẹ́líìtì méjì ló wà lábẹ́ móà yẹn. Ọ̀kan ń gbé agbára lọ sí abẹ, èkejì ń gbé e lọ sí gíábọ́ọ̀sì lẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn lè máa yọ̀ kí ti abẹ sì wà digbí.

Kí ẹ tó kan bẹ́líìtì rárá, ẹ wo ẹ̀yìn móà, nítòsí ibi tí wọ́n ń so tírélà mọ́. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń tú gíà sílẹ̀ kí èèyàn lè fọwọ́ ti móà. Àwọn tó ń já ẹrù nínú kọ̀ǹténà a máa fà á kí wọ́n lè tì í jáde, wọn kì í sì í sábà dá a padà tán. Tó bá há sí agbedeméjì, ọ́ìlì á máa sá gba ibẹ̀ kọjá: móà á rìn lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kò ní lágbára òkè. Ẹ dá a padà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú búréèkì, kí ẹ wá gbìyànjú láti tì í. Ó yẹ kó le koko. Tó bá ń yí geere, ọ̀pá náà ò tíì wọlé tàbí irin tó so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì ti tẹ̀. (Ẹ fà á jáde tán náà, kí ẹ tún tì í. Tó bá ṣì wúwo, búréèkì ló ń fà, ìyẹn nìkan sì tó láti mú gíábọ́ọ̀sì gbóná.)

Ó wá ku bẹ́líìtì. Ẹ yọ wáyà pọ́ọ̀gì kí ẹ tó tọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yọ orí négétíìfù bátìrì. Ẹ wo bí bẹ́líìtì ṣe jókòó nínú púlì ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ bá etí púlì dọ́gba tàbí kó yọ díẹ̀. Tó bá ti rì wọnú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹ, ìdí rẹ̀ ló fi ń kan ìsàlẹ̀ púlì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló fi ń di púlì mú. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ náà. Tó bá ń dán bíi gíláàsì, yíyọ̀ ló ti sun ún.

Ẹ yí àwọn púlì tó ń mú bẹ́líìtì le lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń dún ṣàà-ṣàà tàbí tó ń mì tìtì, bẹ́ríǹgì rẹ̀ ti lọ. Apá irin tó gbé púlì náà gbọ́dọ̀ lè lọ kó bọ̀ láìhá. Ìpẹtà àti koríko tútù tó ti gbẹ mọ́ ọn lára a máa dè é, sípíríǹgì á máa fà, apá ò ní tẹ̀ lé e, bẹ́líìtì á wà ní dẹngbẹrẹ.

Ohun tó máa dájọ́ láàárín bẹ́líìtì àti gíábọ́ọ̀sì rèé. Ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí orí púlì gíábọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí móà gbóná títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ àṣà rẹ̀, kí ẹ wá gbé imú rẹ̀ ti ògiri lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, abẹ ní pípa. Ẹnì kan jókòó, ó rọra tẹ pẹ́dà. Ẹlòmíì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lókèèrè, kì í ṣe tààrà lẹ́yìn táyà, kó fi tọ́ọ̀ṣì wo àmì yẹn. Tí púlì gíábọ́ọ̀sì bá dúró tàbí tó ń falẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, bẹ́líìtì ni. Tí púlì náà bá ń yí kíkankíkan tí táyà ò lọ, ọ̀rọ̀ wà nínú gíábọ́ọ̀sì tàbí ní ìdí táyà.

Baba_Kíì
Ọ̀gá Púlì ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Ti "kàà" yẹn ni tèmi: ẹ ṣí táyà òsì.

Ẹ fi igi há táyà iwájú méjèèjì, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, ẹ sì ki igi tàbí irin sábẹ́ rẹ̀, jáàkì nìkan ò tó. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti orí ṣáàfù bọ́ sórí họ́ọ̀bù táyà. Ẹ yí táyà síwá sẹ́yìn. Tí ìlà náà bá ya ara rẹ̀, kíì (irin kékeré tó so họ́ọ̀bù mọ́ ṣáàfù kí wọ́n lè jọ yí) ti jẹ tàbí ti já.

Láti tú u: ẹ yọ ọmọrí dúdú, ẹ fi sukurudiráfà yọ sákílíìpù, ìyẹn òrùka irin tí kì í jẹ́ kí táyà yọ kúrò lórí ṣáàfù (ẹ fọwọ́ kejì bò ó, á fò), ẹ kó àwọn wáṣà jáde, kí ẹ sì tò wọ́n kalẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Lára ọ̀pọ̀ móà ilé tí ṣáàfù wọn jẹ́ 3/4 ínǹṣì, kíì onígun mẹ́rin tó jẹ́ 3/16 ínǹṣì ló ń di táyà mú. Ní Lẹ́kí àti Àjá, níbi tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́, họ́ọ̀bù a máa pẹtà mọ́ ṣáàfù. Ẹ fín ọ́ìlì ìpẹtà sí i, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi òòlù lu orí ṣáàfù o, gíábọ́ọ̀sì ló máa jẹ ìyà yẹn nínú.

Kíì kan ṣoṣo tó já lè dá gbogbo móà dúró. Dífù (gíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) wà láàárín wọn, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbẹ́ tí kò ti sí ohun tó ń dí i ni agbára ń sá lọ. Ṣáàfù òsì á máa yí lófo nínú họ́ọ̀bù, táyà ọ̀tún á dúró bí ẹni pé kò mọ nǹkan kan.

Ẹ má fi ìṣó tàbí ẹnu ẹ̀rọ ìlu-ihò dípò kíì. Irin rírọ̀ ni kíì, wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é kó já kí ṣáàfù má baà jẹ. Wẹ́dà tó bá fẹ́ jó họ́ọ̀bù mọ́ ṣáàfù, ẹ lé e. Tí ojú kíì inú họ́ọ̀bù bá ti fẹ̀, ẹ gbé họ́ọ̀bù lọ bá tọ́nà, á gé ojú tuntun sí i lódìkejì.

Sẹ́gun_Mushin
Ẹ kàn da ọ́ìlì gíà 140 sí i, á nípọn, á sì lágbára.

Púlì_Ọ̀jọ́ta
@Sẹ́gun_Mushin, ẹ jọ̀ọ́, rárá o. Kì í ṣe gíábọ́ọ̀sì mọ́tò. Pọ́ńpù kékeré ló wà nínú rẹ̀ tó ń ti ọ́ìlì lọ yí mọ́tò kékeré kan nínú ibẹ̀ náà, òun ló ń yí táyà. 140 nípọn jù, pọ́ńpù ò ní rí i fà nígbà tó bá tutù. Ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì tí ilé iṣẹ́ Hydro-Gear ṣe ń lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 20W-50. Ti ilé iṣẹ́ Tuff Torq yàtọ̀ láti oríṣi dé oríṣi. Ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì ara gíábọ́ọ̀sì, kí ẹ tẹ̀ lé ìwé ti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

Olóko_Ògùdù
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn wọlé dáadáa. Ìlà ṣọ́ọ̀kì ya ara rẹ̀ ní táyà òsì. Bẹ́líìtì ti rì wọnú púlì, ó sì ń dán. Nígbà tí a tì í mọ́ ògiri, púlì gíábọ́ọ̀sì ń falẹ̀ gan-an. Fáànù orí gíábọ́ọ̀sì ti kán ní ewé méjì, koríko sì ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní bẹ́líìtì mọ́tò wà ní Ládípọ̀ tó lè bá a mu. Ṣé ká rà á?

Ìyá_Sípánà
Bẹ́líìtì mọ́tò á wọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ níbẹ̀. Bẹ́líìtì móà ń yọ̀ díẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ búréèkì, torí sípíríǹgì ló ń dẹ̀ ẹ́ tó sì tún ń fà á le. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi aṣọ wé e níta, tí wọ́n sì ń fi okùn Kevlar sínú rẹ̀. Ti mọ́tò kì í sábà ní aṣọ, okùn inú rẹ̀ á nà, púlì á sì máa já a lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nọ́ńbà ara bẹ́líìtì àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Tó bá ti parẹ́, ẹ wá nọ́ńbà móà lábẹ́ ìjókòó, kí ẹ fi wá nọ́ńbà bẹ́líìtì. Ẹ má fi bẹ́líìtì tó ti nà wọn gígùn ra tuntun, á gùn jù. Tó bá jẹ́ kóòdù gbogbogbòò ni, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kà á: 4L950 fẹ̀ ní 1/2 ínǹṣì, ẹ̀yìn rẹ̀ yíká gùn ní 95 ínǹṣì. 5L fẹ̀ ní 5/8. Ẹni tó ń ta ti ilé iṣẹ́ lè gbé bẹ́líìtì oríṣi A fún yín dípò 4L, ṣùgbọ́n inú ni wọ́n ti ń wọn gígùn A, ó ń fi bí ínǹṣì méjì dín sí ti ẹ̀yìn. A93 ló sún mọ́ 4L950, kì í ṣe A95. Níbi yìí gan-an lọ́pọ̀ èèyàn ti ń ra èyí tí kò wọlé.

Púlì_Ọ̀jọ́ta
Kíì àti bẹ́líìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ pààrọ̀ fáànù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti atẹ́gùn kó koríko orí gíábọ́ọ̀sì kúrò. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń fọ mọ́tò fi ẹ̀rọ omi líle fọ̀ ọ́, omi á wọ inú bẹ́ríǹgì púlì. Fáànù yẹn ṣe pàtàkì: bí ọ́ìlì bá gbóná jù, á ṣàn bí omi, á máa jò kọjá nínú pọ́ńpù láìti mọ́tò kékeré inú gíábọ́ọ̀sì, agbára á sì lọ.

Tó bá ṣì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn èyí, tí àmì funfun sì ń yí kíkankíkan, nígbà náà ni kí ẹ wá pààrọ̀ ọ́ìlì. Tó bá jẹ́ K46 ti Tuff Torq ni, kò ní ihò ìdàlẹ̀. Ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wọn iye tó jáde. Lẹ́yìn tí ẹ bá da tuntun sí i, ẹ lé atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde: táyà ẹ̀yìn lókè, ọ̀pá ìtú-gíà ní fífà, ẹ́ńjìnnì ní ìsáré díẹ̀. Ẹ tẹ pẹ́dà síwájú fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kí ẹ tẹ ti ẹ̀yìn fún márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ pa á, ẹ ti ọ̀pá padà, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ́ìlì á rẹlẹ̀, ẹ fi kún un. Tí kò bá tún lágbára lẹ́yìn èyí, pọ́ńpù ló ti jẹ, mẹkáníìkì yín jàre.

Olóko_Ògùdù
Kíì ti wà lọ́wọ́. Ṣé ká fi gírísì pa ṣáàfù kí táyà tó padà?

Baba_Kíì
Bẹ́ẹ̀ ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kíì á kọ́kọ́ jókòó sínú ṣáàfù, kí họ́ọ̀bù tó gorí rẹ̀. Tí táyà bá ń sún sọ́tùn-ún sósì lẹ́yìn tí sákílíìpù ti wọlé, wáṣà kan ti sọnù, ẹ fi òmíràn dí i.