Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti àtúnṣe ilé bàbá àgbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń fi láfún àti ìyẹ́ adìyẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ nílùú Òṣogbo, mo sì tún ń ṣe àtúnṣe ilé amọ̀ tí bàbá mi àgbà fi sílẹ̀. Eruku iṣẹ́ bíríkìlà ń bà lé aṣọ tí mo sá, owó aró sì ti di owó yanrìn. Èwo ni kí n mú ṣíwájú?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ kú làálàá. Ẹ kọ́kọ́ tún òrùlé ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà, nítorí pé sìmẹ́ńtì máa ń há omi mọ́ inú amọ̀, tí ògiri á sì máa jẹrà láti inú wá nígbà tí ìta rẹ̀ ṣì ń dán; ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, owó ọ̀dà mi sì ṣòfò.

Ìdáhùn kejì: Èmi kò gbà pé kí iṣẹ́ ọnà dúró de ilé. Ilé alájà tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, gbé ní òpópónà Ìbòkun ní Òṣogbo títí ó fi kú lọ́dún 2009 kún fún iṣẹ́ ọnà. Ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀, kí ẹ sì máa rẹ aṣọ láró lọ́jọ́ Àìkú tí bíríkìlà kì í wá.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé púpọ̀. Yàrá ìyá àgbà ni n ó tì mọ́ àwọn bíríkìlà.